Omi Sámúsámù Inú Ìgò Fláwà

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìgò mẹ́ta ló wà lẹ́bàá fèrèsé yàrá Ìyá Àgbà, wọn kì í sì í dákẹ́. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, tí ilé ṣì pa lọ́lọ́, tí àwọn ìyàwó ilé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ àgbàlá, ìró wọn ni à á máa gbọ́: gbulu, gbulu, á dákẹ́ díẹ̀, gbulu. Lẹ́yìn náà ni ìró ilé tó kù á wá bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn mẹ́ruwà á máa kígbe omi kọjá lójú títì, ìyá mi á máa di ẹrù gàrí tó fẹ́ gbé lọ sí Èbúté Èrò, Mùtíù ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi á máa ké kéwú pẹ̀lú ohùn ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, á ṣì wà lórí ẹní ìkírun, tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ìgò yẹn ni òun fi ń ka tẹ̀sùbáà, pé bó bá ti hó lẹ́ẹ̀kan, òun á fa ẹyọ kan. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣeré ni. Ìyá Àgbà lè fi èèyàn ṣeré láìrẹ́rìn-ín rárá.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni agboolé wa wà, láàárín àwọn ilé tó fún ara wọn mọ́ra débi pé bí ará ọ̀kánkán bá sín, ẹ lè kí i látorí ibùsùn yín. Páàséèjì gígùn kan ló la ilé já, tí a máa ń tan iná sí lọ́sàn-án gangan. Yàrá Ìyá Àgbà nìkan ló ní fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá ẹ̀yìn, tí oòrùn òwúrọ̀ ń yọjú sí fún bíi wákàtí méjì. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí Ràṣídà, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, fi kó fláwà rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àǹtí Ràṣídà ti lọ ilé ọkọ, ó sì ti padà wálé, kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, nítorí ẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni pé ó ń gbin irú ewé gbòòrò gbòòrò tí wọ́n ń gbé sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, sínú ìkòkò amọ̀ àti agolo mílíìkì ńlá. Kì í yọ òdòdó kankan, síbẹ̀ fláwà ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn ọ́fíìsì tó yí ojúde Tinúbú ká ló ń tà á fún. Bàbá Mùtíù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ilé, kò gba ti iṣẹ́ náà. "Ewé tí a ò lè sè, tí a ò lè gbo mu, tí ewúrẹ́ pàápàá ò jẹ," á ní. "Ràṣídà, ta ló ń rà á?" Àǹtí á ní, "Bùọ̀dá mi, àwọn tó ń rà á ò fẹ́ jẹ ẹ́. Wọ́n fẹ́ máa wò ó ni. Ẹ̀yin náà ẹ máa wò ó, ọ̀fẹ́ ni tiyín."

Ọ̀gá kan nínú àwọn ọ́fíìsì yẹn ló kọ́ ọ ní ti ìgò. Ọ̀gá náà ń sin ẹja wínníwínní nínú àpótí onígíláàsì, ó gbin ewé sínú omi rẹ̀, ó sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ìgò kan tó ń hó lábẹ́ tábìlì. Àǹtí bi í léèrè, ó sì ṣàlàyé. Nígbà tí Àǹtí délé, ó kó wa jọ sí yàrá Ìyá Àgbà bí ẹni tó fẹ́ ṣe wáàsí. Ó ní ewé náà ń jẹun. Ó ní yàtọ̀ sí omi àti oòrùn, afẹ́fẹ́ tí àwa èèyàn ń mí síta ló ń jẹ, pé kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ó ní bí a bá po ṣúgà mọ́ omi, tí a sì bu yíìsì àwọn oníbúrẹ́dì sí i, yíìsì á máa jẹ ṣúgà, á sì máa mí irú afẹ́fẹ́ yẹn síta bí ẹni pé èèyàn ni. Nítorí náà, bí ilé tilẹ̀ ṣókùnkùn, kí oúnjẹ fláwà má tún kéré. Ìyá Àgbà fetí sí i dópin. Ó wá ní, "Àlejò tó ń jẹ èémí wa, tí kò bá wa du ẹ̀bà, ẹ jẹ́ kó máa gbé."

Èmi ni wọ́n fi ìgò lé lọ́wọ́. Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì fẹ́ràn Àǹtí Ràṣídà ju àwọn tó ń fún mi ní nǹkan lọ. Ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, màá da omi ìgò tó ti rẹ̀ nù, màá ṣan ìgò, màá bu ife ṣúgà kan, màá fi ṣíbí bu yíìsì díẹ̀, màá wá rọ omi lé e títí dé èjìká ìgò. Kò gbọdọ̀ dé ọrùn, nítorí ìfófòó. Ìdérí rẹ̀ ní ihò láàárín tí rọ́bà gbà kọjá, rọ́bà náà wọ abẹ́ láílọ́ọ̀nù ńlá tí Àǹtí ta bo àwọn fláwà bí àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹnu rẹ̀ sì rì sínú ife omi kékeré kan. Inú ife yẹn ni ó ti ń hó gbulu gbulu. Bí ife bá dákẹ́, Àǹtí á pariwo bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò tíì jẹun láti àná: "Síkírá! Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?"

Èyí tó ti rẹ̀ tí mò ń dà nù yẹn ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ó ń rùn bí ẹmu ọjọ́ kẹta. Gọ́tà iwájú ilé ni mò ń dà á sí. Ní ọjọ́ kan, ewúrẹ́ Ìyá Sùárá, ìyá àgbàlagbà tó ń gbé ní ọ̀kánkán wa, gbé ẹnu sí i, ó mu ún, ó tún padà wá mu ún. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gba ọ̀nà ilé wa wọlé. Bàbá Mùtíù jókòó lórí àpótí, ó ń ṣe àlùwàlá àlàásàrí. Ewúrẹ́ wò ó lójú dáadáa bí ẹni tó fẹ́ kí i, ó sì jókòó pẹ̀kún sínú omi àlùwàlá rẹ̀.

"Ràṣídà! Jáde síbí! Kí lẹ fún ewúrẹ́ yìí mu?"

"Bùọ̀dá mi, ẹ má bínú. Omi ìgò fláwà ni."

"Omi fláwà ló ń ṣe báyìí? Ọtí lò ń pọn! Nínú yàrá ìyá mi! Alhája tó ti dé Mẹ́kà, ṣé màlékà á wọ yàrá tó ń rùn bí ìsọ̀ ẹlẹ́mu?"

"A ò mu ún, Bùọ̀dá mi. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìkan la—"

Ohùn Ìyá Àgbà jáde láti inú yàrá. "Ta ló mu ún?"

"Ewúrẹ́ ni, Ìyá."

"Ṣé ewúrẹ́ ń kírun ni?"

Ẹ̀rín pa wá. Bàbá Mùtíù fúnra rẹ̀ kọjú sí ògiri kí a má baà rí ẹnu rẹ̀. Bí ẹjọ́ yẹn ṣe parí nìyẹn: kí ìgò máa wà níbẹ̀, kí n máa gbẹ́ ihò da ìdọ̀tí rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kí Ìyá Sùárá sì so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Mùtíù kò yọ́nú sí i. Ó kàn ń dúró de ọjọ́ mìíràn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn Ìyá Àgbà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí Ìyá Àgbà ti Mẹ́kà dé, kí wọ́n tó bí mi, ó kó ohun méjì bọ̀ tí kò fún ẹnikẹ́ni. Èkíní ni aṣọ funfun tí wọ́n máa fi sin ín. Ó ti fi omi sámúsámù, omi kànga mímọ́ Mẹ́kà, fọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, ó sá a gbẹ, ó ká a sínú àpótí. Èkejì ni kẹ́ẹ̀gì kékeré kan tí omi sámúsámù kún inú rẹ̀, tó fi aṣọ di ẹnu rẹ̀ kó tó wá fi okùn so ó. Èyí tí wọ́n máa kán sí i lẹ́nu lọ́jọ́ tó bá ń lọ ni, kí ohun tó kẹ́yìn sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láyé jẹ́ omi ilẹ̀ yẹn. Kì í bẹ̀rù láti sọ ọ́. Á máa sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ nípa bàtà tó rà sílẹ̀ de Iléyá. Ní ilé kéwú, Alfa wa kọ́ wa pé omi sámúsámù kì í ṣe ẹgbẹ́ omi mìíràn, pé ohun tí èèyàn bá torí rẹ̀ mu ún ni yóò bá a ṣe. Alárùn tó bá torí ìlera mu ún á sàn, ẹni tó bá torí ìmọ̀ mu ún á mọ̀wé. Mo gbọ́ ọ, mo sì fi í sínú.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀rọ omi iwájú ilé ti gbẹ láti Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́ruwà kò sì kọjá ní òpópónà wa mọ́. Omi tó kù nínú àmù, ìyá mi ti kìlọ̀ pé ti oúnjẹ àti àlùwàlá ni, ẹni tó bá fi ife kàn án á rí òun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ará ọ́fíìsì kan ń bọ̀ wá wo ìkòkò fláwà méjìlá bóyá wọ́n á rà wọ́n, ewé mélòó kan sì ti ń pọ́n. Àǹtí Ràṣídà lọ pàdé awakọ̀ tó ń bá a kó ilẹ̀dú wá ní Obalende. Kó tó jáde, ó yọjú sí mi: "Síkírá, kí n tó dé, kí ìgò máa hó o. Bí wọ́n bá fi ebi sun mọ́jú, a ti tẹ́ nìyẹn." Ìyá Àgbà àti Ìyá Sùárá ti lọ sí àsàlátù, ọ̀pá ń kan ilẹ̀ kó kó. Mo da ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù tán kí n tó rántí pé kò sí omi.

Mo lè sọ fún yín pé n kò mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Irọ́ ni. Mo mọ̀ dáadáa. Kódà, nítorí pé mo mọ̀ ni. Ó rọrùn lójú mi bí ìṣirò: omi tó ń ṣe ohun tí a bá torí rẹ̀ lò ó, fláwà tó ń pọ́n, Àǹtí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Mo ṣe àlùwàlá oníyẹ̀pẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, nítorí kò sómi. Mo ka Fátíà. Mo ní, "Ọlọ́run, jẹ́ kí fláwà Àǹtí Ràṣídà yè, kí àwọn ará ọ́fíìsì rà á, kí Bàbá Mùtíù yé bú u." Mo tú okùn, mo rọ omi náà sínú ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ṣúgà àti yíìsì, mi ò jẹ́ kí ẹ̀kán kan kán sílẹ̀, mo tún okùn so, mo ti kẹ́ẹ̀gì padà sábẹ́ ibùsùn. Kí àlàásàrí tó pé, ìgò ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Wọn ò hó bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí dé, ó gbọ́ ọ láti páàséèjì, ó gbá mi mọ́ra. Inú mi dùn títí di ọjọ́ Ajé, ìgbà tí mo tẹ̀ síbẹ̀ láti wo ife, tí òórùn ìgò kọ lù mí nímú. Òórùn ẹmu. Àfi bíi pé ẹnì kan gbá mi létí. Gbogbo ìgbà tí mò ń gbàdúrà, mo rántí fláwà, mo rántí Àǹtí, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn pé ohun tí ṣúgà àti yíìsì ń sọ omi mìíràn dà, òun náà ni wọ́n máa sọ èyí dà. Mo ti sọ omi Mẹ́kà di ọtí. Omi ikú ìyá bàbá mi.

Àwọn ará ọ́fíìsì wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n yẹ ewé wò síwá sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn á padà wá kó o. Ní Ọjọ́rú, ikọ́ tó ti ń yọ Ìyá Àgbà lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ dì í mọ́lẹ̀. Àyà rẹ̀ ń dún bí ẹnu ọ̀nà tí a kò fi òróró sí. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní kí Bàbá Mùtíù bá òun fa kẹ́ẹ̀gì òun jáde, òun kàn fẹ́ fojú kàn án. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bàbá Mùtíù tẹ̀ba, ó fà á pẹ̀lú agbára ẹni tó retí ohun tó wúwo, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ó mì í. Omi inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́.

Kò wo ẹlòmíràn. "Ràṣídà."

"Bùọ̀dá mi?"

"O ti fi omi sámúsámù Ìyá rin fláwà."

"Èmi? Ẹ gbé Kùránì wá kí n búra! Bí ọwọ́ mi bá kan kẹ́ẹ̀gì yẹn—"

"Ta ló ń gbin nǹkan sínú yàrá yìí? Àbí ewúrẹ́ náà ló tún mu ún?"

"Kí ni mo máa fi omi yín ṣe, Ìyá? Ìyá mi, ẹ̀yin ẹ wò mí lójú." Àǹtí Ràṣídà tí kì í sunkún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá Mùtíù ní kó tó di ìrun áílà ọ̀la, kí fláwà, ìgò àti ẹni tó ni wọ́n kúrò nínú yàrá náà. Ó kù díẹ̀ kó ní kúrò nínú ilé. Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ lórí, ó sì kọjú sí ògiri. Èmi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ohun tí mo ṣe sí omi kọ́ ló ń dùn mí, ìdúró tí mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ni.

Èmi ni mo máa ń bomi àlùwàlá sí Ìyá Àgbà lọ́wọ́ láràárọ̀, nítorí eékún rẹ̀. Àsùbáà ọjọ́ Jímọ̀, mo ń bù ú sí i, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, omi ń ta sí i láṣọ. Ó ní, "Síkírá, èmi ni mò ń ṣàìsàn o, kì í ṣe ìwọ." Mo kúnlẹ̀ sínú omi náà. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ tó gbẹ, Fátíà, okùn, ìgò. Mo ní, "Ó ti di ọtí, Ìyá. Ẹ ò ní rí i mu mọ́." Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí mi ò retí.

"Ó hó?"

"Ó hó, Ìyá. Ó hó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè bá a ka tẹ̀sùbáà. Ó yá jù fún mi." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà pẹ́. Nígbà tó lọ sílẹ̀, ó ní, "Pe gbogbo wọn wá. Wàá sọ ọ́ lójú Ràṣídà bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Tó o bá sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ omi di tèmi."

Mo sọ ọ́. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi, Ìyá Àgbà ní kó gbé e wálẹ̀. Àǹtí Ràṣídà wò mí pẹ́, ó ní, "Nítorí fláwà mi?" ó sì jáde lọ sí àgbàlá. Bàbá Mùtíù kò mọ ẹni tó máa bínú sí mọ́, ó wá bínú sí ìgò. Ó gbé ọ̀kan, ó ń lọ dà á nù.

"Dúró," Ìyá Àgbà ní. "Ibo lò ń dà á sí?"

"Ẹ̀yìnkùlé, Ìyá. Ọtí ni."

"Omi sámúsámù ni o fẹ́ dà sí ihò ìdọ̀tí?"

Bàbá Mùtíù gbé e kalẹ̀ kíákíá bí ẹni tí ìgò jó lọ́wọ́. Ó wò ó. A kò lè mu ún, a kò lè dà á nù, a kò lè fi í sílẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń kírun. Wọ́n ránṣẹ́ pe Alfa wa tó ń kọ́ wa ní kéwú. Alfa dé, wọ́n ro ẹjọ́ fún un, ó jókòó, ó gbóòórùn ìgò, ó fi ọwọ́ bo imú. "Ẹ má mu ún," ó ní. "Ẹ má fi ṣe àlùwàlá. Ẹ má dà á sí ibi ẹ̀gbin." Bàbá Mùtíù ní, "Alfa, èyí tí a ò gbọdọ̀ ṣe ti tó. Èwo la gbọdọ̀ ṣe?" Alfa bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo inú kítáàbù. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló padà wá. Ó ní ìwé sọ pé bí ọtí bá fúnra rẹ̀ kan, tó di fínígà, tí ẹnì kankan kò fi nǹkan kan kún un, ẹ̀gbin rẹ̀ ti kúrò, ó ti di mímọ́, èèyàn lè jẹ ẹ́. "Ẹ ṣí i lórí, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ fi í sílẹ̀. Kò síṣẹ́ mìíràn."

"Ó máa ń pẹ́ tó báwo?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Alhája, Ọlọ́run ló mọ̀."

"Ó dáa. Èmi náà ń dúró de nǹkan."

Orí pẹpẹ ní páàséèjì ni wọ́n kó ìgò náà sí, wọ́n ya ìbòrí mi àtijọ́, wọ́n fi bò wọ́n lẹ́nu. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ Ìyá Àgbà rọlẹ̀, ó dìde, ó tún lọ sí àsàlátù. Àǹtí Ràṣídà kò po ìgò mìíràn mọ́. Ó tú láílọ́ọ̀nù, ó sún fláwà mọ́ fèrèsé pátápátá, wọ́n sì ń dàgbà lọ. Mẹ́jọ nínú méjìlá ni àwọn ará ọ́fíìsì kó. Mo ti bi àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewé léèrè nígbà tí mo dàgbà. Wọ́n ní òótọ́ ni pé ewé ń jẹ afẹ́fẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, ìgò mélòó kan kò lè ran ewé lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fèrèsé Ìyá Àgbà ló ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mi ò sọ fún Àǹtí.

Àwọn ìgò náà kọ́kọ́ dákẹ́. Àwọn kòkòrò kéékèèké tó máa ń yí ọsàn ká wá ń bà lé aṣọ ẹnu wọn. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan bo ojú omi náà bí awọ ògì tútù. Alfa a máa yà wò wọ́n bó bá ń kọjá, á fi imú gbà á, á ní, "Ó ṣì kù díẹ̀." Òjò lọ, òjò tún dé. Ní ọjọ́ kan, ó fi imú gbà á, ojú rẹ̀ ká, ó sín. Ó ní, "Alhamdulilai. Ó ti kan." Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé e wá. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó pe Bìsìmílà, ó lá a, ó pa ojú méjèèjì dé. "Kíkan yìí lágbára," ó ní. Ó ní kí ìyá mi lo ìgò méjì fún ẹja ìmóyò, irú èyí tí àwọn Àgùdà kọ́ gbogbo Èkó ní sísè, a sì jẹ ẹ́ ní Jímọ̀ méjì tẹ̀léra. Ó bá ata àti àlùbọ́sà mu. Bàbá Mùtíù bu ún lẹ́ẹ̀mejì. Ìgò kẹta ni Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dé, kí wọ́n gbé e síbi tí kẹ́ẹ̀gì wà.

Ìyá Sùárá ló kọ́kọ́ kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Nígbà tó ń lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti ọ̀kánkán, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní ìyá wọn kò rí Mẹ́kà dé, bóyá Alhája lè bá àwọn bu ẹ̀kán kan nínú omi yẹn. Ìyá Àgbà ní kí n gbé kẹ́ẹ̀gì. "Gbogbo rẹ̀," ó ní. Bàbá Mùtíù ní, "Ìyá, tiyín ńkọ́?" Ó ní, "Tèmi wà nínú ìgò. Omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀." Bàbá Mùtíù sáré lọ bá Alfa pé kó bá a dá ìyá rẹ̀ lẹ́kun. Alfa ní kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé dandan ni omi kankan, kálímà ṣàhádà, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí ìgbàgbọ́, ni ìyá gbọdọ̀ pè, omi kàn ń la ọ̀nà fún un ni.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ikọ́ náà padà, kò sì lọ mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àsùbáà, wọ́n kó gbogbo wa wọ yàrá. Bàbá Mùtíù gbé orí rẹ̀ lé itan, Àǹtí Ràṣídà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ wá omi sámúsámù nílé Alhája kan, Ìyá Àgbà mi orí. Ó fi ojú wá mi kiri. Àǹtí ní, "Síkírá, ìwọ ló ń pè." Mo ṣí ìgò. Mo rọ díẹ̀ sínú ṣíbí, ọwọ́ mi kò gbọ̀n lọ́jọ́ náà, mo sì kán an sí i láàárín ètè. Gbogbo ojú rẹ̀ ká kò bí ti ọmọdé tó fi eyín gé ọsàn wẹ́wẹ́. "Ó kan o," ó sọ. Àǹtí Ràṣídà bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì ti wà nínú rẹ̀. Bàbá Mùtíù tẹ̀ba sí i létí, ó ní, "Ìyá, ẹ pe kálímà." Ó pè é tán, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yé wa, ó sì lọ, ètè rẹ̀ ṣì ká síbẹ̀.